Òṣùwọ̀n Wo Ló Tọ́ sí Ilé-Ẹ̀kọ́? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé láti Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Nínú ìwé ìròyìn wa tó jáde kẹ́yìn, a kọ nípa bí a ṣe lè fi àkọsílẹ̀ àwọn ọdún tó ti kọjá ṣírò ohun tó ṣeé ṣe kí ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan mú jáde ní ọdún tó ń bọ̀, kí a sì ti ibẹ̀ mọ̀ bóyá ilé-ẹ̀kọ́ náà ń lo àkókò, olùkọ́ àti owó rẹ̀ bó ti yẹ. Lẹ́tà tó dé lórí ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Mẹ́rin ni mo mú nínú wọn. Mo gé èyí tó gùn kúrú, ṣùgbọ́n n kò yí èrò ẹnikẹ́ni padà. Olùkọ́ ìṣirò ni mí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó bọ́ sídìí iṣẹ́ ìwé kíkọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára.

Ìbéèrè: Olóòtú, mo kí i yín. Igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni mí ní Àkúrẹ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n to àwọn ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè wa gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ tó ní kírẹ́díìtì márùn-ún, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, nínú ìdánwò WAEC. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ orúkọ wa sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ọmọ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù kò gbà ni àwa ń gbà, a kì í sì í lé ẹnikẹ́ni dànù. Ojú ti àwọn olùkọ́ mi. Ṣé kò sí ọ̀nà tí ìṣirò fi lè sọ òtítọ́ nípa iṣẹ́ tí a ń ṣe?
— Igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Ọ̀nà wà, ọ̀gá olùkọ́, ó sì ti pẹ́ tó ti wà. Bí àgbẹ̀ oníkòkó méjì bá ti Ìdànrè gbé kòkó wá sórí òṣùwọ̀n, tí ọ̀kan kó àpò 20 wá, tí èkejì kó àpò 8, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ oko tí yóò torí bẹ́ẹ̀ pe ẹni àpò 8 ní ọ̀lẹ. Wọn yóò bi í bí ilẹ̀ rẹ̀ ti tóbi tó, bí igi rẹ̀ ti gbó tó, bóyá ó rí oògùn fín nígbà tí òjò ń rọ̀ láìdáwọ́ dúró. Àpò 8 láti orí ilẹ̀ kékeré tí igi rẹ̀ ti gbó lè jẹ́ iṣẹ́ akin. Àtòjọ tí wọ́n fi kan yín lábùkù kò béèrè ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ohun tó jáde nìkan ni ó kà, kò ka ohun tó wọlé, orúkọ tó sì tọ́ sí i ni àtòjọ èsì ìdánwò. Kò tíì di òṣùwọ̀n iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́.

Òṣùwọ̀n méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ti ń lò tipẹ́, tí àjọ UNESCO sì tan ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ káàkiri: a ó ka iye ọdún tí àwọn ọmọ lò lórí àga, a ó sì fi wé iye ọdún tí ó yẹ kí àwọn tó parí lò. Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ 100 tó wọ JSS 1 lẹ́ẹ̀kan náà ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ kan pàtó. Ọmọ 60 parí SS 3 ní ọdún mẹ́fà géérégé. Ọmọ 15 tún kíláàsì kan kà, wọ́n sì fi ọdún méje parí. Ọmọ 10 kúrò lẹ́yìn JSS 3, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́. Ọmọ 15 tó kù kúrò lẹ́yìn SS 1. Bí a bá ro ọdún gbogbo wọn pọ̀, àwọn àkọ́kọ́ lo 360, àwọn tó tún kíláàsì kà lo 105, àwọn tó lọ lẹ́yìn JSS 3 lo 30, àwọn tó lọ lẹ́yìn SS 1 lo 60. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 555. Ọmọ 75 ló parí, ọdún tó sì yẹ kí wọ́n lò jẹ́ 75 lọ́nà mẹ́fà, èyí tí í ṣe 450. Bí a bá fi 555 pín 450, a ó rí 0.81. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ọdún 100 tí ilé-ẹ̀kọ́ náà fi kọ́ ọmọ, nǹkan bíi 81 ló di ìwé ẹ̀rí, 19 yòókù sì bọ́ sọ́nà. Ẹ tún lè wò ó báyìí: bí a bá pín 555 fún ọmọ 75, ọdún 7.4 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan tó parí ná ilé-ẹ̀kọ́ náà, dípò ọdún 6.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn òṣùwọ̀n yìí ni pé kò gba ẹ̀tàn tí àtòjọ èsì ìdánwò ń gbà. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ti ń fi ọgbọ́n rọra yọ àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé láti SS 1, tí ó ń sọ fún òbí wọn pé kí wọ́n wá ibòmíràn lọ, yóò mú ìwọ̀nba ọmọ tó kù dé iwájú WAEC, ó sì lè ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún tó yege. Lórí àtòjọ, òun ni yóò wà lókè. Nínú kíka ọdún, àwọn ọmọ tí ó yọ kò parẹ́. Ọdún wọn ṣì wà nínú ìṣirò, wọ́n sì ń fa ilé-ẹ̀kọ́ náà wálẹ̀. Nǹkan méjì péré ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ṣí kúrò ní Àkúrẹ́, tí ó sì ń ka ìwé rẹ̀ lọ níbòmíràn, kì í ṣe ẹni tó pa ìwé tì, kí ẹ má kà á mọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó jẹ́ pé SS 3 ni wọ́n dé, tí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò nìkan. Kò yẹ kí a fi wọ́n kún ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ mú jáde, bí wọ́n tilẹ̀ gba A1 nínú gbogbo iṣẹ́.

Òṣùwọ̀n kejì ni ti àsọtẹ́lẹ̀, òun gan-an ni yóò sì gbèjà yín bí ẹjọ́ yín bá tọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tó wọ SS 1 ló mú èsì ìdánwò JSS 3 rẹ̀ wá. Bí a bá gba àkọsílẹ̀ àwọn ọdún tó ti kọjá láti ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, a lè mọ̀ pé nínú àwọn ọmọ tó wọlé pẹ̀lú irú máàkì báyìí, mélòó ló máa ń ní kírẹ́díìtì márùn-ún lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. A ó ṣe èyí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tí a bá rí ni iye tí ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ náà mú jáde, bí ó bá kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí bí ilé-ẹ̀kọ́ yòókù ti ń kọ́ irú wọn. Ká ní ọmọ 80 ló jókòó ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ yín, tí ìṣirò ní kí a retí 24, tí 31 sì yege. Ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn yóò kọ sórí àtòjọ. Ká wá ní ọmọ 90 ló ṣe é ní ilé-ẹ̀kọ́ kejì, tí ìṣirò retí 78, tí 72 yege: ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ènìyàn yóò máa kí ilé-ẹ̀kọ́ kejì kú oríire, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fi ọmọ 7 kún ohun tí a retí, tí àwọn sì fi ọmọ 6 dín in.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lu ìlù. Àsọtẹ́lẹ̀ kankan kì í bá ibi tí a fi ojú sùn gan-an. Kódà bí olùkọ́ kò bá yí ohunkóhun padà, ọmọ kan lè ní ibà ní òwúrọ̀ ìdánwò, ìbéèrè lè bọ́ sí ibi tí kíláàsì kà dáadáa. Fún ọmọ 80 tí a retí 24 nínú wọn, ìyàtọ̀ bíi 4 sókè tàbí sísàlẹ̀ kò ju ohun tí ọdún àti ọdún máa ń mú wá. Ọmọ 7 ju 4 lọ, ṣùgbọ́n kò tíì tó ìlọ́po rẹ̀ méjì. Bí ọ̀rọ̀ bá wà bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan, kí a sọ pé ó dára, kí a máa wò ó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tẹ̀léra, kò sí ẹni tó lè sọ pé oríire lásán ni, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Alágbàká, kí ẹ ní kí wọ́n fi òṣùwọ̀n tó tọ́ wọ̀n yín. Ìlànà kan náà ni kí ẹ fi dá ilé-ẹ̀kọ́ kejì lẹ́jọ́. Kí a má ṣe torí ọmọ 6 lọ́dún kan ba orúkọ wọn jẹ́, bí wọ́n ti ba tiyín jẹ́.

Ìbéèrè: Mo ka ohun tí ẹ kọ, àyà mi sì já. Ọmọ mi wà ní SS 2. Bí kọ̀ǹpútà bá ti sọ pé kò ní yege, ṣé olùkọ́ rẹ̀ kò ní pa á tì? Èwo ni kí a máa wo ọjọ́ ọ̀la ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń dáfá?
— Ìyá ọmọ mẹ́ta, Oǹdó

Ìdáhùn: Ìyá wa, ìbéèrè yín ló wúwo jù nínú gbogbo lẹ́tà tó dé, ẹ̀rù tó ń bà yín kì í sì í ṣe ẹ̀rù lásán, nítorí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ṣe ìdánwò àṣejáde wọn, àjọ tó ń bójú tó ìdánwò níbẹ̀ lo ìṣirò tó wo èsì tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ti ní látẹ̀yìnwá, wọ́n sì fi tún máàkì tí àwọn olùkọ́ fún ọmọ ṣe. Nǹkan bíi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn máàkì náà ni wọ́n fà wálẹ̀. Ọmọ tó mọ̀wé gan-an, tó jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò mú irú rẹ̀ jáde rí, rí i pé wọ́n ti gba ohun tó ṣiṣẹ́ fún lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà jáde sí ìgboro, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ìjọba sì fagi lé ìṣirò náà, wọ́n dá máàkì olùkọ́ padà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ọmọ tiwa níhìn-ín wọ gbọ̀ngàn láti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò WAEC tí wọ́n ti sún síwájú. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ tiwọn.

Ohun tí wọ́n ṣì ṣe ni pé wọ́n fi òṣùwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́ wọn ọmọ. Àsọtẹ́lẹ̀ tí mo ń sọ kò lè sọ pé ọmọ yín yóò yege tàbí kò ní yege. Ohun tó lè sọ ni pé nínú ọmọ 100 tó wọlé pẹ̀lú irú máàkì rẹ̀, bíi 30 ló máa ń rí kírẹ́díìtì márùn-ún. Kò mọ èyí tí ọmọ yín jẹ́ nínú wọn, kò sì ní mọ̀ ọ́n láéláé, nítorí kò mọ̀ pé ẹ ti wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọ ní ìṣirò ní ìrọ̀lẹ́, kò sì rí ohun tó wà nínú ọkàn ọmọ náà. Bí a bá ro ọgọ́rùn-ún ọmọ pọ̀, àṣìṣe lórí ẹnì kan a máa dí àṣìṣe lórí ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ó fi ṣeé gbára lé fún ilé-ẹ̀kọ́, tí kò sì ṣeé gbára lé fún ọmọ kan ṣoṣo. Ní tèmi, n kò ní gbà kí wọ́n kọ iye náà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ nínú ìwé tí olùkọ́ kíláàsì ń ṣí lójoojúmọ́. Kí ó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ní àpapọ̀, láìsí orúkọ. Bí olùkọ́ kan bá sì sọ fún yín pé ìṣirò ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ yín kò ní yege, ẹ sọ fún un pé kò yé e.

Ní ti ifá dídá tí ẹ mẹ́nu bà, ohun tó ya àwọn méjèèjì ni pé àsọtẹ́lẹ̀ oníṣirò gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àṣìṣe rẹ̀ lè dé kí ó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ 24 ni yóò yege, tí kò fi kún un pé ó lè jẹ́ 20, ó sì lè jẹ́ 28, kò tíì parí gbólóhùn rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo kí i yín. Akẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ẹ̀kọ́ ni mí ní Àkúrẹ́. Mo rí àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan gbà láti 1998 dé 2023: iye ọmọ ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan àti èsì WAEC. Ẹnì kan ní ARIMA, ọ̀nà ìṣirò kan tó ń fi iye àwọn ọdún tó ti kọjá sọ ti ọdún tó ń bọ̀, ni kí n lò, kí n sì fi iye ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1976 kún un kí ó lè gùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
— Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ṣe é. Ọdún 26 ni o ní lọ́wọ́. Box àti Jenkins, àwọn onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n gbé ọ̀nà ARIMA kalẹ̀ nínú ìwé wọn ti ọdún 1970 fúnra wọn ní ó kéré tán kí àkọsílẹ̀ tó 50, ó sì dára jù bí ó bá tó 100. Bí o bá fi 26 ṣe é, kọ̀ǹpútà yóò fún ọ ní èsì, èsì náà yóò sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Fífi iye ìpínlẹ̀ láti 1976 kún un tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1976 kì í ṣe ìpínlẹ̀ tó wà lónìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1996 ni wọ́n yọ Èkìtì kúrò. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pòórá ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó láàárín ọdún kan, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó lé wọn kúrò ní kíláàsì. Kò sí ọmọ tó kúrò lórí àga rẹ̀. Ààlà ló ṣí. Bákan náà ni ìgòkè ńlá tó bá ìjọba Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin wá lẹ́yìn 1979, nígbà tí ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì di ọ̀fẹ́: ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè san owó rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi fa ìlà lọ síwájú. Nínú àkọsílẹ̀ tìrẹ, 2020 ni kí o sàmì sí. Oṣù Kẹta ni wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, nítorí náà èsì ọdún náà àti iye ọmọ tó tún kíláàsì kà kò bá ti ọdún yòókù dọ́gba. Má ṣe pa á rẹ́. Sọ ọ́ di ọdún àrà ọ̀tọ̀ nínú ìṣirò rẹ, kí o sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Fún iye ọmọ, ọ̀nà tó rọrùn tó sì lágbára ni kí o tẹ̀ lé ọmọ láti kíláàsì dé kíláàsì. Wá ìdá tó máa ń gòkè, ìdá tó máa ń tún kíláàsì kà, àti ìdá tó máa ń lọ. Bí JSS 1 bá ní ọmọ 120 lọ́dún yìí, tí 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn máa ń gòkè, tí JSS 2 sì ní 110, tí 6 nínú ọgọ́rùn-ún wọn máa ń tún un kà, JSS 2 ọdún tó ń bọ̀ yóò jẹ́ 108 pẹ̀lú 6.6, ìyẹn bíi ọmọ 115. Ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Andrey Markov ló fi ìpìlẹ̀ ìṣirò yìí lélẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó mọ iye àga tí yóò ní kí káfíńtà kàn kí oṣù Kẹsàn-án tó dé ti ń ṣe é láìmọ orúkọ rẹ̀.

Fún èsì WAEC, lo ìpíndọ́gba tó ń fún ọdún tó súnmọ́ wa ní ìwọ̀n tó pọ̀, tó sì ń dín ti ọdún tó jìnnà kù díẹ̀díẹ̀, bí ohùn ìlù ti ń rọlẹ̀ bí onílù ti ń lọ. Ká ní ìdá tó yege jẹ́ 42, 48, 45, 51 àti 54. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti 42, tí o sì ń fi ìdá 0.3 nínú àṣìṣe ọdún kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín àsọtẹ́lẹ̀ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, tún àsọtẹ́lẹ̀ ṣe, wàá dé 43.8, lẹ́yìn náà 44.2, 46.2, àti 48.5. O rí i pé 48.5 ṣì wà lẹ́yìn 54. Ọ̀nà náà kò mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ń gun òkè. Ó rò pé ó ń mì lójú kan ni. Nítorí èyí ni Charles Holt ṣe fi ìṣirò kejì kún un ní 1957, èyí tó ń kíyè sí bí nǹkan ti ń gòkè tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ti Holt ni kí o lò. Bí o bá lo èyí tí kò mọ ìgòkè, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń gbèrú ni yóò máa dà bí ẹni tó ju ìrètí lọ lọ́dọọdún, a ó sì máa kí àwọn olùkọ́ fún ohun tí ó ti ń lọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, fi ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn pamọ́. Ṣe gbogbo ìṣirò rẹ títí dé 2020, sọ 2021, 2022 àti 2023 tẹ́lẹ̀, kí o tó ṣí wọn wò. Ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà ọ̀lẹ pàápàá, èyí tó kàn ní ọdún tó ń bọ̀ yóò dà bí ọdún tó kọjá. Bí ọ̀nà rẹ kò bá borí ọ̀nà ọ̀lẹ, jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Mo fẹ́ fi ohun kan tí ojú mi rí kún un. Nígbà tí mo ń kọ́ni ní abúlé oníkòkó kan ní ẹ̀yìn Oǹdó, wọ́n ní kí n wá ìdí tí àwọn ọmọ kò fi ń wá déédéé. Mo tẹ́ rẹ́jísítà SS 1 sórí tábìlì. Ọmọ 38 ni, òdo pupa fún ẹni tí kò wá, ìlà búlúù fún ẹni tó wá. Nínú oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá, ojú ewé náà pupa ju búlúù lọ ní àwọn ọjọ́ kan. Ìgbà tí wọ́n ń fọ́ kòkó ni, èyí kò ṣòro láti mọ̀. Ṣùgbọ́n òdo pupa náà kò dúró sí ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ yìí, Monday àti Friday. Ọ̀sẹ̀ kejì, Tuesday. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Wednesday. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, Thursday. Mo ṣírò ìpíndọ́gba fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀, gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, mo sì ti fẹ́ kọ ọ́ pé kò ní ìlànà. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ẹ̀wà fún àwọn ọmọ ló wo ìwé náà lórí èjìká mi, tó ní, “Tíṣà, ọjọ́ ọjà nìyẹn.” Ọjà ọrọrún ni ọjà ibẹ̀. Bí wọ́n bá ná an ní Monday, Friday ni wọn yóò tún ná an, lẹ́yìn ìyẹn Tuesday, Saturday, Wednesday, Sunday àti Thursday, kí ó tó padà sí Monday. Ọjọ́ 28 ni yóò pé kí ó tó tún yí po. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tí mo fi ń ka ọjọ́ ló bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo fi ọjọ́ ọjà kà á, ó hàn gbangba bí ojú ọjọ́, ọ̀gá wa sì sún ìdánwò kíláàsì kúrò ní ọjọ́ ọjà. Àbúrò mi, kí o tó tẹ nọ́ńbà wọnú kọ̀ǹpútà, lọ jókòó ti àwọn tó ń gbé ibi tí nọ́ńbà náà ti wá.

Ìbéèrè: Alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni mí. Owó kékeré ni a ń dá. A fẹ́ mọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fi owó kékeré ṣe ohun ńlá, kí a lè kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ wọn. Kí sì ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe ní báyìí?
— Alága, Oǹdó

Ìdáhùn: Bàbá, ìṣirò kan wà fún èyí. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Charnes, Cooper àti Rhodes, ló gbé e jáde ní 1978, ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní orílẹ̀-èdè wọn sì wà lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi dán an wò. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wá, fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn jọ tirẹ̀: iye olùkọ́, iye kíláàsì, owó. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fi ohun kan náà mú ọmọ púpọ̀ sí i jáde, a jẹ́ pé ọgbọ́n kan wà lọ́dọ̀ ẹni náà tó yẹ kí a lọ wò. Ṣùgbọ́n bí ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń fi wéra kò bá ju mẹ́jọ lọ, tí ẹ sì ń ka nǹkan mẹ́fà nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ni yóò dà bí ẹni tó ń ṣe dáadáa, nítorí olúkúlùkù yóò ní ohun kan tí kò sí ẹni tó jọ ọ́. Ẹ lọ bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, kí iye wọn lè pọ̀ tó.

Ohun kan ń kọ mí lóminú, mo sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ yín sọ ọ́ síta níbikíbi tí ẹ bá dé. Bí ìṣirò bá fi hàn pé ilé-ẹ̀kọ́ tó ní olùkọ́ fisíìsì kan ṣoṣo ń mú èsì tó dára jáde, ẹnì kan lè sọ pé ó dára bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi olùkọ́ kún un. Olùkọ́ náà lè ti máa kọ́ kíláàsì mẹ́fà lójúmọ́, kí ó sì máa máàkì ìwé lábẹ́ àtùpà. Iṣẹ́ tó ń pa á lọ ni wọ́n ń pè ní ìkójú-òṣùwọ̀n. Ẹ rí i dájú pé ẹ ka wákàtí olùkọ́ mọ́ ohun tó wọlé.

Ohun tí ẹ lè ṣe nísinsìnyí kò gba owó. Ẹ ní kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kó rẹ́jísítà tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù jáde kí ikán tó jẹ wọ́n tán. Ẹ yan olùkọ́ kan àti òbí kan. Fún ọdún kọ̀ọ̀kan àti kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ iye ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, iye tó gòkè, iye tó tún un kà, iye tó ṣí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, iye tó fi ìwé sílẹ̀, àti iye tí a kò mọ ibi tí wọ́n wà. Kí wọ́n má ṣe pín àwọn tó kẹ́yìn yìí sí ibòmíràn kí ìwé lè dára lójú. Kí wọ́n wá wọn lọ sílé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jìnnà, orúkọ òbí wọn sì wà lójú ewé àkọ́kọ́ rẹ́jísítà.